Ti Ẹni Tí Kò Wá

Láti àná tí ọmọ mi obìnrin ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá bá mi láti Ìbàdàn fún họlidé, wọn ò tíì kúrò lórí àga pálọ̀ mi. Àwọn àti fóònù ni. Bí mo bá kọjá, wọn á ní, "Màmá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́," wọn ò sì ní gbójú sókè. Ní àárọ̀ yìí mo ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n jáde lọ ṣeré, pé oòrùn ò tíì mú. Èyí ẹ̀gbọ́n, Àmínà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló wá fi ojú àánú wò mí, bí ìgbà tí èèyàn ń wo arúgbó tó ń ṣèrànrán. Ó ní, "Màmá Àgbà, kí ló wà níta?" Háà! Kí ló wà níta! Inú kọ́kọ́ bí mi, ó kù díẹ̀ kí n gba fóònù náà kí n jù ú sínú àmù omi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa mí, nítorí mo rántí pé ọdún kan wà tí èmi náà jókòó sínú yàrá bẹ́ẹ̀, tí mi ò mọ ohun tó wà níta, tó sì jẹ́ pé ohun tó wà níta ọ̀hún ń pe orúkọ mi lójoojúmọ́. Mo fa àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Mo ní kí wọ́n pa nǹkan yẹn, kí wọ́n gbọ́.

Nínú agbo ilé tí wọ́n ti bí mi ní Ìgbòòrà níbí, a ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni àwọn obìnrin ti ń bẹ gbágùúdá, tí ọ̀bẹ ń dún fìrì-fìrì, tí ẹnìkan á máa rọra kọrin, tí ẹlòmíràn á máa bá ewúrẹ́ jà. Òórùn gbágùúdá tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò kì í kúrò nínú aṣọ wa. Àlejò máa ń yínmú sí i, àwa ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń rùn. Bàbá mi á ti gbé àdá lọ sóko. Ìyá mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló máa ń rẹ gbágùúdá, òun náà ló máa ń fún un, tó bá sì ti gbẹ tó di láfún, òun ló ń rù ú lọ tà lọ́jà Lánlátẹ̀. Ṣùgbọ́n sísá rẹ̀ sóòrùn, iṣẹ́ Màmá Àgbà ni, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dá sí i. Ó ní àwọn ìyàwó ìsinsìnyí, iyanrìn ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á máa pè é ní láfún.

Orí àpáta ni wọ́n ń sá a sí. Àpáta náà wà lẹ́yìn agbo ilé wa títí di òní, ó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ó wá ga lọ sókè kọjá òrùlé mọ́sálásí. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ló ní ojú ibi tirẹ̀ níbẹ̀, kò sí ààlà tí wọ́n fà, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Tó bá di ọ̀sán, ara àpáta á funfun báláú. Àwọn ọmọdé ló máa ń ṣọ́ ọ nítorí ewúrẹ́ àti ẹyẹ, tí oòrùn bá sì ti rọlẹ̀, tí àwọn ìyá àgbà bá ń gbá láfún jọ sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á gun òkè lọ ṣeré. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ọmọ tí kò tíì ká eyín iwájú kì í gun òkè àpáta. Ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Èmi àti Táíwò, ìkejì mi, máa ń dúró nísàlẹ̀ yẹn, a máa ń gbọ́ ariwo wọn lókè, a kì í rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni Táíwò máa ń fi ìka mi eyín rẹ̀. Eyín náà sì ti ń mì lóòótọ́. Ó máa ń sọ pé òun ló máa ṣáájú mi gun òkè, pé òun á máa jù mí ní òkúta láti ibẹ̀.

Ibà mú Táíwò nígbà ọyẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ṣì ń dùn mí, èmi arúgbó yìí. Nílé wa, ẹnìkan kì í lanu sọ pé ọ̀kan nínú ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ sọ́jà. Wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́ létí èyí tó kù, kó má baà wù ú láti tẹ̀lé e. Bí àlejò bá ṣèèṣì bi ìyá mi pé ìkejì ńkọ́, á ní, "Ó lọ sọ́jà," á wá yíjú sí ìdí iná, á máa koná tí kò kú. Orúkọ tí wọ́n ń pè nígbà ogún lójúmọ́ nínú agbo ilé yẹn bá dédé pòórá. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá Àgbà. Èmi nìkan ni mo máa ń pè é nínú aṣọ ìbora, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti fi mí sínú yàrá. Ó ní ilé ìwé di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kéú, kí Alùfáà máa wá kọ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, oòrùn ò gbọdọ̀ pa mí, afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ fẹ́ mi. Ẹyin tó yẹ kó tà, èmi ló ń sè é fún. Ẹran tó yẹ kó jẹ́ ti bàbá mi, inú abọ́ mi ni mo máa ń bá a, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa tó dùn tó ń fà, ṣùgbọ́n mo máa ń fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀. Eyín iwájú mi ká nínú yàrá yẹn. Ìyá mi jù ú sórí òrùlé fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó sáré wọlé padà, ó ti ilẹ̀kùn. Mo fi ahọ́n kan ojú ihò náà, mo ronú pé mo ti tó gun òkè báyìí, mo bú sẹ́kún.

Ìrọ̀lẹ́ ni ohùn náà máa ń dé. Lẹ́yìn ìrun alásárì, tí odó bá ti dákẹ́, ni mo máa ń gbọ́ ọ: "Kẹ́hìndé oooo!" Á bẹ̀rẹ̀ lókè, á máa fà, á máa rẹlẹ̀, títí tí mi ò fi ní gbọ́ ọ mọ́, bí ohùn ẹni tí mọ́tò ń gbé lọ. Á ṣe díẹ̀, á tún dún: "Táíwò oooo!" Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ń jọ ìyẹ̀fun láfún lọ́jọ́ náà, ajọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun dà sílẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Ó sáré wọ yàrá wá bá mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò mí létí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Má dáhùn. Bí wọ́n bá pè ọ́ nígbà mẹ́wàá, tí o ò bá ti rí ojú ẹni tó pè ọ́, má dáhùn o, Kẹ́hìndé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́." Mo ní mi ò ní dáhùn. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sọ ọ́ jáde ló ń fún un lágbára.

Àmínà já lu ọ̀rọ̀ mi níbí yìí. Ó ní ṣé ìyá mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń ṣeré lórí àpáta ni? Mo ní, ọmọ mi, ó mọ̀ pé ọmọdé wà lórí àpáta, ariwo wọn kì í tán. Ṣùgbọ́n ta ni nínú Ìgbòòrà ló máa lanu ké pe Táíwò, tí àgbàlagbà gan-an ò jẹ́ pè é? Àpáta náà tún máa ń gba ohùn, á jù ú síbòmíràn, á wá dà bíi pé láti orí òrùlé wa ló ti ń bọ̀. Ọmọ ìlú Tápà sì ni ìyá mi. Ọkọ ló gbé e wá síbí, kò bá wọn dàgbà lórí àpáta yẹn. Ohun tó dá a lójú ni pé àwọn ẹgbẹ́ wa tí a fi sílẹ̀ lọ́run kí a tó wá sáyé ló ń pe orúkọ: wọ́n ti pe ọ̀kan, ó dáhùn, ìkejì ni wọ́n ń retí. Nígbà tí mo dàgbà, tí èmi náà bímọ, ni mo tó mọ irú ẹ̀rù tí obìnrin yẹn ń dá gbé kiri fún oṣù mẹ́ta gbáko, tó ń rẹ́rìn-ín fáwọn oníbàárà, tó ń kí àwọn èèyàn kú ìrọ̀lẹ́, tó sì ń sáré wọlé wá dì mí létí tí alásárì bá ti kọjá.

Ṣùgbọ́n èmi, kí n má parọ́, ó wù mí kí n dáhùn. Táíwò ni mo rò pé ó ń pè mí. Wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táíwò ṣáájú pé kó lọ bá òun tọ́ ayé wò. Èmi ni mo rán an, ó sì ń pè mí, mo wá jókòó, mo ń jẹ ẹyin. Irú ẹ̀gbọ́n wo nìyẹn? Mo máa ń fi eyín di ètè mi mú kí ohùn má baà jáde. Bí mo ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ara mi ń joro. Lọ́jọ́ kan mo dìde láti bu omi mu, orúnkún mi yẹ̀, mo ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Màmá Àgbà ló gbé mi dìde. Ó di ojúgun mi mú, ó wò ó, ó pe ìyá mi.

Obìnrin gíga ni Màmá Àgbà, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, wá wò ó. Ṣé ẹsẹ̀ nìyí àbí igi ìdáná? Ọmọ tó yẹ kó máa fò kiri, o ká a mọ́lé bí adìyẹ tó ń sàba. Kí ni yóò pa?" Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Òun nìkan ló kù lọ́wọ́ mi." Màmá Àgbà ní, "Bó o ṣe ń ṣe é yìí, kò ní kù lọ́wọ́ rẹ pẹ́." Yéè! Ọ̀rọ̀ náà le. Ìyá mi sunkún dóru, kò sì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, nítorí kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Bàbá mi jókòó, ó ń wo oúnjẹ rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

Nígbà tí ọjà Lánlátẹ̀ pé, ìyá mi di láfún rẹ̀ sápò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó jáde o." Màmá Àgbà ní, "Máa lọ, mọ́tò ò ní dúró dè ọ́." Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí a ti kí alásárì tán, ó wọlé wá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Dìde. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ rán ọ, kì í ṣe eré. O máa bá mi gbá láfún jọ." Mo ní màámi ní kí n má jáde. Ó ní, "Ta ló bí ọkọ màmá ẹ?" Ó pọ̀n mí. Ó pọ̀n mí kọjá ẹ̀yìn agbo ilé, ó pọ̀n mí dé ibi tí àpáta ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó wá sọ̀ mí kalẹ̀. Ó ní, "Èyí tó kù, ẹsẹ̀ ẹ ló ni ín." Mo fi ẹsẹ̀ kan àpáta, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru ọjọ́ náà ṣì wà nínú rẹ̀. Mo rìn, mo jókòó, mo rìn, mo fi ọwọ́ rá. Kò dì mí mú. Ó ń gbá láfún rẹ̀ jọ lọ níwájú mi, bíi pé kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń fi igun ojú wò mí.

Nígbà tí mo dé òkè, mo yíjú padà. Wọ́n bí mi sínú Ìgbòòrà, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ nǹkan kan! Òrùlé páànù lọ, lọ, lọ, kò tán, èéfín ń jáde láàárín wọn, mo sì rí tiwa, ó kéré, mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Yàrá tí mo ti ń sunkún láti ìgbà ọyẹ́ wá, òun ló wà lábẹ́ ìka mi yìí. Mo rí ọ̀nà Èrúwà tó pupa, tí mọ́tò ń lọ lórí rẹ̀ tí mi ò gbọ́ ìró rẹ̀. Mo rí òkè tó wà lẹ́yìn òkè, èyí tó jìnnà jù sì dà bí aṣọ aró tó ti ṣá. Lápá Ìgàngàn, òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. Mo rí gbogbo òjò náà! Mo rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, oòrùn sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, oòrùn wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, kò kan àwa. Títí di ọjọ́ yẹn mo rò pé tí òjò bá ti ń rọ̀, gbogbo ayé ló ń rọ̀ sí. Mo bi Màmá Àgbà pé ta ló ni gbogbo èyí. Ó ní, "Ọlọ́run ló ni ín. Ó ní kí a máa wò ó." Ọ̀rọ̀ tó rọ̀ jù lọ tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láyé mi nìyẹn.

Ó wá fi nǹkan mìíràn hàn mí. Láti òkè níbẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ọ̀nà kan jìn wọnú àpáta, ó fẹ̀ tó ìbàdí ọmọdé méjì, inú rẹ̀ ń dán bí inú abọ́ tí wọ́n ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bi í pé ta ló gbẹ́ ẹ. Ó ní, "Ìdí ló gbẹ́ ẹ." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà. Ó ní, "Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ò ń rẹ́rìn-ín. Ìdí mi wà níbẹ̀. Ìdí bàbá ẹ wà níbẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé ó ti wà níbẹ̀ kí òun tó dáyé, ti òun kàn kún un ni." Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ pa á. Ẹ bá mi rò ó wò: òkúta, tí àdá kò ràn, tí òjò ń pa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké fi eré ṣíṣe gbẹ́ ẹ! Kò sí ẹni tó rán wọn, kò sí ẹni tó sanwó fún wọn. Mo ti rí ilé gíga lÉkòó lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti rí òkun, kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ náà bá dé lápá kejì, bíi mẹ́jọ, oníkálukú pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lábíyá. Wọn ò rí mi, mo wà lẹ́yìn Màmá Àgbà. Èyí tó ṣáájú wọn, Ràfíátù, ọmọ ilé kejì sí tiwa, gbé imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà náà, ó jókòó lé e, ó ti ara rẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀, fìììì! Ó pariwo, ó gun òkè padà wá, ó tún jókòó. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kó tó ti ara rẹ̀, ó ya ẹnu tí kò ní eyín iwájú, ó ké: "Kẹ́hìndé oooo!" Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ lókè lọ́dọ̀ mi, ó ń fà, ó ń rẹlẹ̀, ó bá a lọ sísàlẹ̀. Mo ti rí ojú ẹni tó ń pè mí! Ó lójú, ó lẹ́nu, ikun wà nímú ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e jókòó, ó ké: "Táíwò oooo!" Mo jáde lẹ́yìn Màmá Àgbà. Wọ́n rí mi, ẹ̀rù bà wọ́n.

Ràfíátù ló gbẹnu sọ fún wọn. Ó ní òfin àpáta ni. Èèyàn á kọ́kọ́ yọ̀ fún ara rẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́dọ̀ yọ̀ ọ́ fún ẹni tí kò wá, á sì pe orúkọ onítọ̀hún sókè kó lè mọ̀ pé tòun nìyẹn. Bí ọmọ kan bá ń ṣàìsàn nílé, wọ́n á bá a yọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá mú ọmọ kan lọ sóko tàbí lọ kàwé níbòmíràn, wọ́n á bá a yọ̀ ọ́. Ó ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti ká eyín ni a ti ń bá yín yọ̀ ọ́, ìwọ àti Táíwò. A rí ìyá ẹ nígbà tó ń ju tìẹ sórí òrùlé." Mo ní Táíwò ò ká eyín. Ó ní, "Ó ká a. Ó fi hàn mí lójú fèrèsé nígbà tó ń ṣàìsàn. Ó ní kí n bá òun sọ fún wọn pé òun ń bọ̀." Ẹ̀yin èèyàn, mi ò mọ̀! Ìkejì mi ká eyín, mi ò mọ̀. Mo jókòó sórí àpáta, mo sunkún, àwọn ọmọ náà jókòó yí mi ká. Màmá Àgbà ń gbá láfún jọ, ó kẹ̀yìn sí wa, ó sì pẹ́ lórí ojú kan ṣoṣo yẹn kó tó kúrò níbẹ̀.

Ràfíátù fún mi ní imọ̀ ọ̀pẹ tirẹ̀. Mo yọ̀ fún ara mi lákọ̀ọ́kọ́, mi ò lè pariwo, afẹ́fẹ́ kún mi lẹ́nu, ayé ń sáré bọ̀ wá pàdé mi. Mo gun òkè padà, mo tún jókòó. Lẹ́ẹ̀kejì mo ya ẹnu mi. Orúkọ tí mo ti ń pè nínú aṣọ ìbora láti ọjọ́ yìí wá, mo ké e síta, gbogbo Ìgbòòrà gbọ́: "Táíwò oooo!"

Ìyá mi náà gbọ́. Ọjà ti tà kíákíá lọ́jọ́ náà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé nígbà tí òun gbọ́ pé ohùn tèmi ló ń ké, òun mọ̀ pé ó ti tán, pé mo ti dáhùn, mo ti lọ. Ó ju àpò sílẹ̀. Gèlè ẹ̀ bọ́, bàtà kan bọ́, ó sáré gba àárín agbo ilé kọjá. Mo dé ìsàlẹ̀ àpáta, mo dìde, mo ń gbọn ìdí mi, òun ni mo rí tó ń bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó gbá mi mú. Ó fọwọ́ pa mí lórí, lójú, láyà. Ó ń sọ pé, "Ta ló pè ọ́? Ta ló pè ọ́? Mo ní kí o má dáhùn!" Màmá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní, "Kí ló dé? Èmi ni mo mú un wá." Ìyá mi yíjú sí i, gbogbo ohun tó ti gbé mì fún oṣù mẹ́ta bá tú jáde, ohùn ìrọ̀lẹ́, orúkọ méjèèjì, ẹgbẹ́ ọ̀run. Nígbà tí Màmá Àgbà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Ìyàwó mi, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ràfíátù bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àwa ni. Àwa la máa ń pè wọ́n." Ó ṣàlàyé òfin àpáta náà fún un bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó sì fi kún un pé, "Wọ́n ní kí a má pe Táíwò mọ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ibí kì í ṣe inú ilé, mà." Ìyá mi ń wò ó. Ó ń wo àwọn tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ wọn àti ẹnu wọn tí kò ní eyín. Ó ní, "Ojoojúmọ́?" Wọ́n ní, "Ojoojúmọ́, mà." Mo rò pé ó máa nà wọ́n. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé eékún, èjìká ẹ̀ ń mì. Nígbà tó dìde, ó bọ́ bàtà kan tó kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó di ìró rẹ̀ le, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mú mi gun òkè."

Ẹ ò rí nǹkan rí! Ìyá mi, obìnrin tó fẹ̀, ó jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ méjì, mo jókòó sí i láàárín itan, àwọn ọmọ dì wá mú lẹ́yìn. Ràfíátù ní, "Ẹ gbọ́dọ̀ pè é, mà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní kà." Ìyá mi ya ẹnu, ohùn ò jáde. Ó tún ya ẹnu. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ti tì wá, a ti ń lọ, fìììì, mo rò pé kò ní pè é mọ́. Àárín ọ̀nà ló ti jáde. Mo gbọ́ ọ nínú àyà rẹ̀ kó tó dé ẹnu, "Táíwòòò! Táíwò ọmọ mi oooo!" Àpáta gbà á, ó jù ú sókè, ó dún lórí gbogbo òrùlé. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ìró ìdí ìyá mi ti ya lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, mi ò mọ èwo ni mo lè pè é. Láti ọjọ́ kejì, ìta ni mò ń gbé. Mo bó lórúnkún, mo bó ní ìgbọ̀nwọ́, mo jẹ àmàlà láfún tán nínú abọ́, mo tún ń bèèrè. Ìyá mi kò tún ti ilẹ̀kùn mọ́ mi mọ́. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á kàn dá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dúró díẹ̀, á gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ lókè, á rọra dáhùn, "Òo," á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo sọ ọ́ dé ibẹ̀, àbúrò Àmínà, Sódíìkì, ti gbàgbé fóònù sórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé ọ̀nà yẹn ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní níbo ni òkúta máa lọ? Àwọn tó ń yọ̀ lórí rẹ̀ ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó wà. Mo ké sí ọmọ ilé kejì kó mú wọn lọ tí oòrùn bá rọlẹ̀. Orúnkún tèmi ò gbà kí n gun òkè mọ́, mo fi àga sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìyá wọn, tó ti padà sí Ìbàdàn láti àná, pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màámi, níbo ni àwọn ọmọ wà?" Mo ní wọ́n wà níta. Ó ní, "Níta ní ìrọ̀lẹ́ yìí? Tí wọ́n bá fara pa ńkọ́?" Mo ní a máa fi omi gbígbóná sí i. Ó ṣì ń rojọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé fóònù kúrò létí, nítorí ohùn kan ti bẹ̀rẹ̀ lókè àpáta, ohùn Àmínà ni, ó ń fà, ó ń rẹlẹ̀ bọ̀: "Màmá Àgbà oooo!"

Mo dìde lórí àga. Mo dáhùn.